Bí ẹ ṣe lè múra CCNA láti Àjàṣẹ́ láì jẹ gbèsè

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Kétu fi vókàl ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, àyà mi já, mo rò pé ẹnì kan ló kú. Kò sẹ́ni tó kú. Ó ní ibì kan tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní rẹ́sò ní kí òun mú 350,000 sẹ́fà wá kí wọ́n tó kọ́ òun ní CCNA, ìyẹn ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ síso kọ̀ǹpútà pọ̀, oṣù mẹ́ta ni, owó ìdánwò fúnra ẹ̀ ò sì sí nínú ẹ̀, ó wá ń bi mí pé "Tọ́ntọ̀n, ṣé kí n ta alùpùpù mi ni?" Mo ní kó má ta nǹkan kan. Ohun tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un, mo rí i pé mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún bí èèyàn márùn-ún tẹ́lẹ̀, ẹnu sì ti ń ro mí, mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ kí n máa fi ránṣẹ́.

Iṣẹ́ wìfì àti kámẹ́rà ni mò ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ẹ̀kọ́, fámásì, ẹni tó bá ṣáà ti pè mí. Mi ò lọ yunifásítì fún un. BAC ni mo ní, lẹ́yìn ìyẹn mo tẹ̀lé ọ̀gá kan kiri, èmi ni mò ń gbé àkàbà, èmi ni mò ń fa wáyà nínú àjà ilé tó gbóná bí ààrò. CCNA tí mo ṣe, owó ara mi ni mo fi ṣe é, mo sì mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kí ẹ tó gbàgbé mi síbí kan: owó kan ṣoṣo tí ẹ ò lè sá fún ni owó ìdánwò. Ẹ̀kọ́ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ló wà. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ máa fi dánra wò, ọ̀fẹ́ ló wà. Torí náà ẹni tó bá ná owó ẹ̀ tán sórí ẹ̀kọ́ tí ò wá rí owó ìdánwò san, ó ti fi ẹ̀yìn ṣe iwájú, mo sì mọ èèyàn tó pọ̀ báyẹn, wọ́n gbọ́ rẹ́sò dáadáa, àmọ́ ìwé ò sí lọ́wọ́ wọn.

CCNA tí mò ń sọ, ilé iṣẹ́ Cisco ló ni ín, ó ti wà láti 1998. Ìdánwò tó wà nílẹ̀ báyìí, nọ́mbà ẹ̀ ni 200-301. Láyé ọjọ́sí oríṣiríṣi CCNA ló wà, ti ààbò lọ́tọ̀, ti wìfì lọ́tọ̀, àmọ́ ní oṣù kejì 2020 wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pa pọ̀ di ẹyọ kan, nígbà tó di oṣù kẹjọ 2024 wọ́n wá tún un ṣe díẹ̀, wọ́n pe ìyẹn ní v1.1. Tí ẹnì kan bá ń ta ìwé tí nọ́mbà 200-125 wà lára ẹ̀ fún yín lọ́jà Ouando, ẹ kí i kẹ́ ẹ sì máa lọ. Wọn ò béèrè dìplóòmù kankan lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ tó jókòó síbẹ̀. Ìṣẹ́jú 120 ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni (màá padà sórí ọ̀rọ̀ yìí torí òun ló ń ṣe àwa ará Bẹ̀nẹ̀ lọ́ṣẹ́ jù), tẹ́ ẹ bá sì yege, ọdún mẹ́ta ni ìwé náà fi ń wúlò.

Owó ẹ̀ jẹ́ 300 dọ́là, yàtọ̀ sí owó orí tí wọ́n lè fi lé e. Tí dọ́là bá wà láàrin 560 sí 600 sẹ́fà, 168,000 sí 180,000 nìyẹn. Ẹ rántí pé owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí nílẹ̀ wa jẹ́ 52,000 láti 2023, ẹni tó ń gba ìyẹn máa ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ láì jẹun kó tó pé. Owó ńlá ni. Mi ò ní sọ fún yín pé kì í ṣe owó ńlá.

Bí mo ṣe rí i kó jọ rèé. Ẹ mọ àwọn tó ń gba àjọ, tí wọ́n ń gbé káànẹ́ kiri tí ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lára ẹ̀, tí wọ́n ń fàmì sí i lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń mú owó ọjọ́ kan fún làálàá wọn? Ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà lójúmọ́ ni mo ń dá. Tí káànẹ́ kan bá kún, 30,000 ni tèmi. Káànẹ́ mẹ́fà, 180,000. Bí mo ṣe dé iye ìdánwò nìyẹn, ó sì gbà mí ní oṣù mẹ́fà àti díẹ̀, iye àkókò kan náà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílò láti kàwé yìí náà nìyẹn, ẹ ẹ̀ rí i bí ó ṣe bára mu. Owó ń kún, orí náà ń kún. Àmọ́ mo sọ fún alájọ mi pé bí mo bá wá sunkún lọ́wọ́ ẹ̀ pé kó fún mi lówó kí káànẹ́ tó kún, kó má dá mi lóhùn, mo sì lọ lẹ́ẹ̀mejì, kò dá mi lóhùn lóòótọ́, inú bí mi gan-an. Ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ mọ ilé ẹ̀ o, torí àwọn alájọ kan wà tí wọ́n ń gba káànẹ́ kẹfà wọlẹ̀.

Tí ìyẹn bá ṣì wúwo jù, àbúrò CCNA kan wà tí wọ́n ń pè ní CCST Networking, dọ́là 125 ni, òun kéré, òun rọrùn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ṣe àkàbà. Èmi ò ṣe é, torí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ lọ́dọ̀ wa níbí, CCNA ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀, ẹ̀mí mi sì sọ fún mi pé bí mo bá ná owó yẹn síbẹ̀ mi ò ní padà rí èkejì.

Ó yá, òdínátẹ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ẹ gbọ́dọ̀ ra switch (àpótí tó ń so àwọn ẹ̀rọ inú ilé kan pọ̀) àti router (èyí tó ń so rẹ́sò kan mọ́ òmíràn) gidi. Cisco ní ètò kan tó ń jẹ́ Packet Tracer, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa ṣí àkáǹtì lórí Networking Academy, ilé ẹ̀kọ́ wọn orí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ni. Nínú ẹ̀ ni ẹ ti máa fa wáyà, ẹ ó tan router, ẹ ó kọ àṣẹ sí i, gbogbo ẹ̀ nínú òdínátẹ̀ yín, kò sí ẹni tó máa sọ pé ẹ ba nǹkan òun jẹ́. Tokunbọ̀ tó ní RAM 4 GB máa gbé e, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí 8 ẹ mú 8. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo bátìrì kẹ́ ẹ tó wo ẹwà ara ẹ̀, nítorí kúráǹ. Èyí tó ní bátìrì tó lè lo wákàtí méjì dára ju èyí tó ń dán tó sì ń kú lójú ẹsẹ̀ tí SBEE bá mú iná lọ. Ẹni tí ò bá ní òdínátẹ̀ rárá, ẹ wá ọ̀rẹ́ tó ní, ẹ jọ lò ó, kó lo alẹ́ kẹ́ ẹ lo àárọ̀. Àwa mẹ́ta la pín ẹyọ kan lò fún oṣù méjì ní ìbẹ̀rẹ̀.

Kọnẹ́síọ̀n ńkọ́? Níbí ni owó ti máa ń jò láì jẹ́ pé ẹ mọ̀. Vídíò tẹ́ ẹ wò ní 1080p lè jẹ fọ̀fé ní ìlọ́po mẹ́rin èyí tẹ́ ẹ wò ní 360p, ohùn kan náà ni olùkọ́ sì ń sọ. Ẹ fi sí 360p. Tí ẹ bá wà níbi tí wìfì wà, ẹ kó àwọn ìwé àti lab (iṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń dánra wò) sílẹ̀, ẹ fi sórí klé, ẹ pín in fún ara yín. Packet Tracer náà, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbé e wálẹ̀, nígbà tó bá ní kẹ́ ẹ wọlé, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kó máa rántí yín, kẹ́ ẹ lè máa lò ó nígbà tí fọ̀fé bá tán. Ìyẹn nìkan ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó púpọ̀.

Ibo lẹ ti máa kọ́ ọ? Ibi méjì péré ni mo lò. Èkíní ni Networking Academy yẹn, kọ́ọ̀sì mẹ́ta ló wà fún CCNA níbẹ̀, wọ́n sì ní i lédè Faransé, tẹ́ ẹ bá sì gbà á lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó bá wọn ṣe, ẹni tó bá ṣe dáadáa nínú ìdánwò ìparí kọ́ọ̀sì kẹta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ jókòó sí i lè gba ẹ̀dínwó lórí owó CCNA. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun. Èkejì ni ọkùnrin kan lórí YouTube tí wọ́n ń pe ojúlé ẹ̀ ní Jeremy's IT Lab, gbogbo CCNA ló kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì fi lab Packet Tracer àti káàdì Anki sí i. Anki yẹn, ọ̀fẹ́ ni lórí òdínátẹ̀ àti lórí Android, orí iPhone ni wọ́n ti ń gbowó. Ó máa ń bi yín ní ìbéèrè tẹ́ ẹ ti fẹ́ẹ̀ gbàgbé. Èmi máa ń ṣe é nígbà tí mo bá ń dúró de oníbàárà tó ní "mò ń bọ̀ báyìí" tó sì máa gba wákàtí kan àtààbọ̀. Ẹ má kó ojúlé mẹ́wàá jọ o. Ẹni tó ń wo olùkọ́ mẹ́wàá, apá kìíní ni yóò máa wò lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ̀rọ̀ èdè wá kàn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa láti kékeré. Ẹ lè mọ passerelle dáadáa kẹ́ ẹ wá dé iwájú ìdánwò kẹ́ ẹ rí "gateway" kẹ́ ẹ máa wò ó bí ẹni tó rí eégún. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ra kàyé kan, mo fa ìlà méjì sí ojú ewé, ó di apá mẹ́ta: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, lẹ́yìn náà àlàyé ní Yorùbá bí màá ṣe sọ ọ́ fún ìyá mi. Switch, commutateur. Firewall, pare-feu. Subnet mask, masque de sous-réseau. Apá kẹta yẹn ni mo fẹ́ràn jù, torí ohun tí mi ò bá lè sọ fún ìyá mi, mi ò tíì mọ̀ ọ́n, mo kàn há a sórí ni. Àwa tá a sún mọ́ ibodè, a tún ní àǹfààní kan tí ará Natitingou ò ní: ta ni nínú wa ni ò ní ẹbí ní Nàìjíríà? Mo ní ọmọ bàbá mi kan ní Ìlàrò, gbogbo ọjọ́ Àìkú la máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ó máa ka ìbéèrè ní Gẹ̀ẹ́sì, èmi á dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, ó á rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ nígbà tó di oṣù kẹrin ó dẹ́kun ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ nínú kàyé yẹn hàn yín. ARP (bí ẹ̀rọ kan ṣe ń wá ẹ̀rọ tó ni àdírẹ́sì kan): ọmọ kan wọ agbo ilé, ó kígbe pé "Ta ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ràmátù níbí?", gbogbo ilé gbọ́, àmọ́ Ìyá Ràmátù nìkan ló dá a lóhùn, ọmọ yẹn nìkan ló sì dá lóhùn, kò kígbe fún gbogbo ilé. VLAN (pípín rẹ́sò orí switch sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀): ẹ fi ògiri pín agbo ilé kan sí méjì, ẹ̀gbẹ́ òsì ò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń sọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń lo òrùlé kan náà, tí wọ́n bá fẹ́ bára wọn sọ̀rọ̀ àfi kí wọ́n gba ọ̀dọ̀ baálé, baálé yẹn ni router.

Routing ńkọ́, ìyẹn yíyan ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́ máa gbà, ibi tí wọ́n ń pè ní longest prefix match? Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ tí ẹrù wà lórí yín, Idigny lẹ̀ ń lọ. Awakọ̀ kan ń pe "gbogbo òkè, gbogbo òkè!", èkejì ń pe "Kétu!", ẹ̀kẹta ń pe "Idigny!" Ta lẹ máa wọ ọkọ̀ ẹ̀? Ẹni tó dárúkọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ gan-an ni. Router náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ronú: tí ó bá mọ 10.0.0.0/8, tó mọ 10.1.0.0/16, tó tún mọ 10.1.5.0/24 (bí nọ́mbà ẹ̀yìn / bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ibi tó ń pè ṣe ń ṣe pàtó sí i), tí ẹrù kan bá wá ń lọ sí 10.1.5.9, ọ̀nà /24 ló máa gbé e gbà. Ìgbà tí awakọ̀ méjì bá ń pe orúkọ kan náà gẹ́lẹ́ ló tó ń wo ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù, èyí tó so mọ́ ọn lára jẹ́ 0, èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ jẹ́ 1, èyí tí àwọn router sọ fún ara wọn, tó bá jẹ́ nípa OSPF 110, tó bá jẹ́ nípa RIP 120, nọ́mbà tó kéré ló ń borí. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, ìdánwò sì mọ̀ pé wọ́n máa ń dà á pọ̀.

Subnet, ìyẹn pípín àdírẹ́sì rẹ́sò sí wẹ́wẹ́, ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn sá. Ẹ fi ilẹ̀ ìdílé rò ó. Ilẹ̀ tó ń jẹ́ /24 ní pásẹ́ẹ̀lì (àdírẹ́sì) 256. Bàbá kú, ọmọ méjì pín in, ó di /25, kálukú gba 128. Àwọn náà kú, àwọn ọmọ wọn tún un pín sí méjì, /26, 64. Ẹ tún un pín, /27, 32. /28 jẹ́ 16, /29 jẹ́ 8, /30 jẹ́ 4. Gbogbo ìgbà tí nọ́mbà yẹn bá fi ẹyọ kan lé sí i, ilẹ̀ ti pín sí méjì nìyẹn. Nínú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ò lè kọ́lé sí pásẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́, òun ni orúkọ ilẹ̀ náà, ẹ ò sì lè kọ́lé sí èyí tó kẹ́yìn, ibẹ̀ ni akéde ń dúró sí tó bá fẹ́ bá gbogbo ará ilé sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí /27 fi ní 32 àmọ́ tó jẹ́ ẹ̀rọ 30 ló lè gbébẹ̀ nìyẹn. Ó dáa, wọ́n fún yín ní 172.16.5.77/27, wọ́n ní ilẹ̀ ta nìyí? /27 jẹ́ 32, ẹ máa kà á ní méjìlélọ́gbọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n: 0, 32, 64, 96. 77 bọ́ sáàrin 64 àti 96. Ilẹ̀ náà ń jẹ́ 172.16.5.64, akéde wà ní .95, ẹ̀rọ ń gbé láti .65 dé .94. Mask ẹ̀, nọ́mbà tó ń sọ bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó? 256 yọ 32, ó ku 224, 255.255.255.224. Ó tán. Kò sí àfọ̀ṣẹ nínú ẹ̀. Ẹ ṣe mẹ́wàá lójúmọ́ lórí bébà, lẹ́yìn oṣù kan ẹ ó máa ṣe é lórí zem láì fi nǹkan kọ ọ́.

Ẹ fi ìwọ̀n mọ ibi tẹ́ ẹ máa pẹ́ sí. Bí Cisco ṣe pín ìdánwò náà rèé: ìpìlẹ̀ rẹ́sò 20%, switch àti VLAN àti wìfì 20%, routing 25%, àwọn iṣẹ́ bíi DHCP (pípín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ) àti NAT (pípààrọ̀ àdírẹ́sì nígbà tí ẹrù bá ń jáde) 10%, ààbò 15%, automation (kí ètò máa bá èèyàn ṣe iṣẹ́ rẹ́sò) 10%. Routing ló pọ̀ jù. Mo rí àwọn tó lo oṣù kan gbáko sórí OSI (ìpele méje tí wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ́sò) nítorí pé òun ló wà níwájú ìwé, tí wọ́n wá sáré kọjá lórí OSPF. Automation yẹn, ẹ mọ ohun tí REST API (ọ̀nà tí ètò kan ń gbà bá òmíràn sọ̀rọ̀) jẹ́, kẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ka JSON (bí wọ́n ṣe ń to ìsọfúnni sílẹ̀ fún ètò), wọn ò ní kẹ́ ẹ kọ ètò ní Python, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Nípa lab, ẹ má kàn wò ó kẹ́ ẹ sì máa mi orí. Èmi kọ́ ilé kan sínú Packet Tracer tí router mẹ́ta wà níbẹ̀, mo sọ wọ́n ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀, mo fi OSPF so wọ́n pọ̀, Àjàṣẹ́ ní switch méjì pẹ̀lú VLAN 10 àti 20, Kétu ló ń pín DHCP fún gbogbo wọn. Nígbà tó ṣiṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bà á jẹ́. Màá yí mask kan padà, màá gbàgbé ip helper-address (àṣẹ tó ń gbé ìbéèrè DHCP dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín in) mọ̀ọ́mọ̀, màá fi VLAN tí kò bára mu sí trunk (ọ̀nà tí VLAN púpọ̀ jọ ń gbà), lẹ́yìn náà mo máa sùn, tó bá di àárọ̀ tí mo ti gbàgbé ohun tí mo bàjẹ́, mo máa wá a pẹ̀lú àwọn àṣẹ yìí: show ip interface brief, show vlan brief, show interfaces trunk, show ip route. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí o, kì í ṣe nínú vídíò. Ẹ má sì gbàgbé copy running-config startup-config, àṣẹ tó ń tọ́jú ohun tẹ́ ẹ ṣe sórí router, kẹ́ ẹ tọ́jú fáìlì ẹ̀ náà, kí kúráǹ tó kọ́ yín lọ́gbọ́n.

Ẹ wò ó, ó wúlò lójú ayé gan-an. Òtẹ́ẹ̀lì kan pè mí, wọ́n ní wìfì wọn ń ya wèrè, yàrá méjì ṣiṣẹ́, yàrá mẹ́ta ò ṣiṣẹ́, lọ́la ó tún yí padà. Tẹ́lẹ̀, màá kàn pa gbogbo ẹ̀ tán màá tún un tàn. Mo wo àdírẹ́sì tí fóònù mi gbà, 192.168.0.7, bẹ́ẹ̀ 192.168.10 ni mo fún wọn. Àṣé òṣìṣẹ́ kan ló ra router kékeré lọ́jà tó tì í bọ ihò rẹ́sò tó wà lára ògiri, ìyẹn náà ń pín DHCP tiẹ̀ fún gbogbo ilé. Ìjọba méjì nínú ìlú kan. Ohun tó ń dènà ẹ̀ lórí switch ni wọ́n ń pè ní DHCP snooping, ó sì wà nínú ìdánwò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra dumps. Mo rà á. Ẹnì kan ta PDF kan fún mi ní 25,000, ó ní ìbéèrè ìdánwò gidi ni, nígbà tí mo padà mọ nǹkan kan mo rí i pé ìdáhùn tó wà níbẹ̀, òmíràn irọ́ ni, òmíràn ti ìdánwò àtijọ́ ni. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, tí Cisco bá mú yín wọ́n lè fagi lé ìwé yín kí wọ́n sì lé yín. Owó ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú káànẹ́ mi nìyẹn. Títí di òní tí mo bá rí ọmọkùnrin yẹn lọ́nà Djassin, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Ẹ ò gbọdọ̀ sanwó ìdánwò àfi tẹ́ ẹ bá lè kọ́ ilé router mẹ́ta yẹn láì wo ìwé, tẹ́ ẹ sì lè ka ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Ọ̀dọ̀ Pearson VUE, ilé iṣẹ́ tó ń bá Cisco ṣe ìdánwò, ni ẹ ti máa forúkọ sílẹ̀, káàdì Visa tí wọ́n ń fi owó sí kẹ́ ẹ tó ná an, èyí tí báǹkì ń tà, ó tó. Orúkọ yín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bó ṣe rí lórí pásípọ́ọ̀tù yín gẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú pásípọ́ọ̀tù bíi Faransé, pẹ̀lú "ou" àti "tch", bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, kì í ṣe bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lórí Facebook. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ méjì dání.

Wọ́n á ní ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ̀n ẹn. Ẹ ní láti dá wà nínú yàrá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, kámẹ́rà ń wò yín, kọnẹ́síọ̀n ò gbọdọ̀ já. Nínú ilé tí mò ń gbé, ọmọ mẹ́fà, ewúrẹ́, àti ìyá onígarí tó máa ń ṣí ilẹ̀kùn láì kan án. Mo lọ sí ibùdó ìdánwò. Ẹ wo ibi tó sún mọ́ yín lórí Pearson VUE. Láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnú, nǹkan bí 30 kìlómítà ni, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti Ṣábẹ̀, ó ju 200 lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sùn sọ́dọ̀ ẹbí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má gun ọkọ̀ òru lọ ìdánwò.

Nígbà tí mo jókòó, kí n tó dáhùn nǹkan kan mo kọ 128, 64, 32, 16, 8, 4 sórí pátákó kékeré tí wọ́n fún mi. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ ìdáhùn kan kọjá, ẹ ò lè padà sí i mọ́, nítorí náà ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ pé màá padà wá. Lab wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa kọ àṣẹ sí, ó ń jẹ àkókò, ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè kékeré kan gbà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá kùnà, ọjọ́ márùn-ún lẹ máa dúró, ẹ ó sì tún san gbogbo owó náà, kò sí ẹ̀dínwó fún ẹni tó ṣubú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má kánjú san án.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti ra káànẹ́ àkọ́kọ́, alùpùpù ẹ̀ ṣì wà nílé. Lánàá ó fi fọ́tò lab ránṣẹ́ sí mi ní aago mọ́kànlá alẹ́, ó ní òun ti ń wá a láti ìrọ̀lẹ́, ping (àṣẹ tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹ̀rọ méjì ń gbọ́ra wọn) ò lọ, bóyá Packet Tracer òun ló ti bàjẹ́. Mo wò ó. Wọ́n kọ "administratively down" sí iwájú interface ẹ̀ gbàgàdà, ìyẹn ni pé ihò tí wáyà wọ̀ yẹn, kò tíì tàn án. Mo ní, ọkọ mi, tẹ no shutdown, kó o sì lọ sùn.